Báàsì mẹ́jọ, àyè mẹ́ta: èwo ni kí n dá dúró?

Báàsì_Thamesmead

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìyàwó mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ìyá rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá bá wa wẹ ọmọ. Yàrá tí Màmá máa sùn náà ni àwọn gìtá báàsì mi wà báyìí, ilé wa ní Thamesmead kò sì ní yàrá mìíràn. Èmi àti ìyàwó mi ti jọ sọ ọ́. Ó ní mẹ́ta lè wà ní pálọ̀, bí mo bá sì lè so ọ̀kan kọ́ ara ògiri, òun ò ní bá mi jà. Ìyókù gbọ́dọ̀ ti lọ kí Màmá tó wọ bàlúù.

Àwọn tó wà nílẹ̀ rèé. Fender Jazz Bass olókùn mẹ́rin, ti Amẹ́ríkà. Owó iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbà nílùú yìí ni mo fi rà á. Jazz Bass mìíràn, ti Mexico, òun ni mo máa ń gbé lọ òde. Squier Precision àtijọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé fún mi nígbà tó ń padà sílé pátápátá, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Music Man StingRay olókùn márùn-ún. Ibanez SR, olókùn márùn-ún lòun náà. Yamaha olókùn mẹ́fà. Ọ̀kan tí kò lórúkọ, tí ẹnì kan ti yọ gbogbo fret rẹ̀ (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) kúrò. Àti Höfner onírìísí fáólìnì tí àbúrò bàbá mi fi ṣe eré highlife nílé kó tó kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní kí n máa mú un lọ.

Ohun tí mò ń fi wọ́n ṣe: ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ìṣọ́ òru lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òde àríyá bí wọ́n bá pè wá (jùjú àti highlife ló pọ̀ jù níbẹ̀), mo sì máa ń bá àwọn akọrin gba báàsì sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà nílé. Lọ́kàn tèmi, Squier ni kó kọ́kọ́ lọ, òun ló rẹlẹ̀ jù. Ti Amẹ́ríkà yẹn kò ṣe é tà lójú mi. Kí lẹ rí sí i?

Okùn5_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Gbogbo olókùn mẹ́rin, ẹ tà wọ́n! Ta ló tún ń fi okùn mẹ́rin lu ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì? Orí ohùn F# ni kíbọ́ọ̀dù ti máa bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n á gbé e lọ sí C#, kí ẹ tó mí, ó ti dé A♭. Ohùn E ni okùn mẹ́rin yín parí sí nísàlẹ̀, C# ìsàlẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ máa fò lọ sókè ni, gbogbo ìyìn á sì fẹ́lẹ́. StingRay, Ibanez, Yamaha. Mẹ́ta ti pé. Ẹ jẹ́ kí Màmá máa bọ̀.

Àgbà_Mọ́kọ́lá

Ìwọ ọmọ Peckham, rọra. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kọ́ ló sọ pé òun ń lọ. Ó ní jùjú, ó ní highlife.

Nínú jùjú, gángan ló ni ọ̀rọ̀. Tí onígángan bá ń ki olówó òde, báàsì kò gbọ́dọ̀ máa han gooro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó kúrú, kó wúwo, kó fi àyè sílẹ̀. Báàsì olókùn márùn-ún tó ń lo bátìrì, tí okùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, ariwo tó máa ń pa láàárín yẹn, ibẹ̀ gan-an ni gángan ń gbé. Wọ́n á máa jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Precision tó ní okùn flatwound (èyí tí ara rẹ̀ tẹ́, tó ń dán) lára ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Òun náà ni báàsì oníná tí Fender kọ́kọ́ gbé jáde ní 1951, ọdún 1960 ni Jazz tó dé. James Jamerson tó ta báàsì sínú orin Motown (ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní Amẹ́ríkà) tí a ò lè kà tán, Precision 1962 ló lò jù, okùn flatwound ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ní kì í pààrọ̀ okùn àfi tó bá já.

Nítorí náà, Báàsì_Thamesmead, kí ni nọ́ńbà tó wà lára Squier yẹn? Yí i padà, wo àwo irin tí wọ́n fi skúrù mẹ́rin dè síbi tí ọrùn ti wọ inú ara. Má ta nǹkan kan kí o tó dá mi lóhùn.

Báàsì_Thamesmead

Ẹ ṣé sà. JV ló fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún ló tẹ̀ lé e.

Àgbà_Mọ́kọ́lá

Mo mọ̀! Àwọ̀ tó ń bó ni mo fi fura.

Ní 1982, Fender dá Fender Japan sílẹ̀, torí pé àwọn ará Japan ti ń ṣe àdàkọ gìtá wọn, tí àdàkọ náà sì dára débi tó fi ń gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ Fujigen ló ń bá wọn ṣe é. Báàsì àti gìtá ayé àtijọ́ ni wọ́n fara balẹ̀ wò, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Àwọn tí nọ́ńbà wọn fi JV bẹ̀rẹ̀, láàárín 1982 sí 1984 ni wọ́n ti jáde, orúkọ Squier, tí Fender ni ín, ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ tí wọ́n kó wá sí Yúróòpù. Squier tí à ń rà fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lóde òní kọ́ nìyẹn o. Àwọn tó ń kó gìtá jọ ń wá a kiri. Èyí tó o ní ó rẹlẹ̀ jù yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lo ò ní rí irú rẹ̀ rà mọ́.

Atúngìtáṣe_Sùúrùlérè

Bàbá ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí n fi díẹ̀ kún un, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àwo irin nìkan kò tó ẹ̀rí. Skúrù mẹ́rin péré ni. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i kúrò lára ọ̀kan kó dè é mọ́ òmíràn. Ẹ tú ọrùn kúrò, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ àti inú ihò tó wọ̀. Ẹ ṣí pẹpẹ ike iwájú, kí ẹ wo bóyá ẹnì kan ti fi iná jó wáyà tuntun mọ́ pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn), bóyá skúrù kan dán ju èkejì lọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun àtijọ́ kankan nínú àpótí tàbí àpò rẹ̀, títí kan skúrù tó ti dípẹtà, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kun ún ní ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà tó ń bó yẹn, owó ni.

Ní ti gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn yàn, ẹ wo ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka kan tẹ okùn E mọ́ fret àkọ́kọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret ìkẹyìn, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret níbi ìkeje, ìkẹjọ. Bébà tó nípọn díẹ̀ yẹ kó lè gbabẹ̀ kọjá. Bí àlàfo yẹn bá fẹ̀ jù, ẹ rọra yí truss rod (irin inú ọrùn tó ń mú un tọ́). Bí truss rod bá ti yí dé òpin tí ọrùn ṣì tẹ̀, ẹ ti rí ẹni tó máa lọ. Pickup ṣe é pààrọ̀, wáyà ṣe é pààrọ̀, ibi tí wọ́n ti ń yí okùn náà ṣe é pààrọ̀. Ọrùn tó ti lọ́, ìyọnu ni. Mo ti rí báàsì olówó ńlá lórí tábìlì mi níbí tí ọrùn rẹ̀ ti lọ́, tí ẹni tó ni ín ṣì ń pàrọ́ fún ara rẹ̀ pé okùn ló burú.

Ẹ tún wo fret fúnra rẹ̀. Bí okùn bá ti gbẹ́ kòtò sí fret àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún, owó àtúnṣe ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ kà á mọ́ iye tí ó máa ná yín láti dá báàsì yẹn dúró.

Sístà_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Báàsì_Thamesmead, Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ èjìká nínú yín, ọkùnrin sá ni yín. Ẹ fẹ́ di bàbá ọmọ. Ọmọ máa wà ní apá kan, àpò ìlédìí máa wà ní èkejì, báàsì máa wà lẹ́yìn, ẹ sì tún fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ gbé òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ara yín jáde, ẹ dúró lé e, ẹ tún gbé báàsì dání kí ẹ dúró lé e, kí ẹ yọ èkíní nínú èkejì. StingRay olókùn márùn-ún sábà máa ń ju kìló mẹ́rin lọ. Ibanez SR tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́ gan-an. Ní ìṣọ́ òru, láti aago mọ́kànlá dé aago mẹ́rin ìdájí, ìyàtọ̀ yẹn á sọ̀rọ̀ sí yín létí. Höfner yẹn ló fúyẹ́ jù, ihò ló wà nínú rẹ̀, kò tó kìló mẹ́ta, okùn rẹ̀ sì kúrú: nǹkan bí ínṣì 30, nígbà tí ti Fender jẹ́ 34. Ẹ lè jókòó sórí àga pẹ̀lú rẹ̀ kí ọmọ máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ohùn. Ojú ló ń tan gbogbo wa. Ẹ gbà wọ́n sílẹ̀. Ìlà báàsì kan ṣoṣo, ìlù kan náà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má yí nǹkan kan lórí áńpù, ẹ kàn máa pààrọ̀ báàsì. Kí ìyàwó yín fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ wọn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rò sílẹ̀. Kí ẹ fi ìlù àti kíbọ́ọ̀dù sí i o! Báàsì tó ń dá nìkan dún nínú yàrá, gbogbo wọn ló dùn.

Àti Yamaha olókùn mẹ́fà. Ẹ fi ọwọ́ sọ́kàn, ìgbà wo lẹ kẹ́yìn lo okùn C òkè yẹn fún nǹkan tó ju ìṣẹ́jú kan lọ?

Okùn5_Peckham

Sístà, ẹ ti pa Yamaha mi nìyẹn 😂 Ṣùgbọ́n èmi ò kúrò lórí okùn B, ìkarùn-ún tó rẹlẹ̀ jù yẹn. Bàbá Mọ́kọ́lá ò tíì dá mi lóhùn lórí C#.

Àgbà_Mọ́kọ́lá

Mo dá ọ lóhùn báyìí. Okùn B tí o ò bá fọwọ́ tẹ̀, nǹkan bíi 31 Hz ni (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). E jẹ́ 41. Spíkà ṣọ́ọ̀ṣì yín tó wà lórí igi méjèèjì yẹn, ṣé ó lè gbé 31? Ariwo hùùù lásán ni ìjọ ń gbọ́, àwọn tó jókòó síwájú á kàn máa rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kọjá.

Atúngìtáṣe_Sùúrùlérè

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀. Lóòótọ́, spíkà kékeré kì í gbé 31 jáde. Ohun tí etí ń gbọ́ jù níbẹ̀ ni èyí tó fi ìlọ́po méjì ga jù ú lọ, nǹkan bíi 62, ọpọlọ á sì fi kún ìyókù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìsàlẹ̀ nìkan ni okùn márùn-ún fi dára fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ ni. Lórí okùn B, F# wà ní fret keje, G wà ní ìkẹjọ, A♭ wà ní ìkẹsàn-án. Bí olórin bá fò sókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni (wọn kì í sọ), ọwọ́ yín kàn máa sún ni, ọ̀nà ìka kò yí padà, okùn kankan kò dún lófìfo. Lórí okùn mẹ́rin, F# ìsàlẹ̀ wà ní fret kejì, níbi tí fret ti fẹ̀ jù, ẹ sì máa sáré.

Nítorí náà ẹ ní láti ní olókùn márùn-ún kan. Kan ni mo sọ. Ẹ̀gbọ́n wa ní méjì, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì sì ń ṣe.

Jẹ́jẹ́_Manchester

Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé gan-an nìyẹn. Ẹ wo ilé yín: Jazz méjì, olókùn márùn-ún méjì. Mẹ́rin nínú mẹ́jọ nìyẹn tó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ kọ́kọ́ yanjú àwọn yẹn, ìyókù á rọrùn.

Èmi tún máa ń bi ara mi ní ìbéèrè kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ohùn rárá: bí mo bá tà á lónìí tí mo sì fẹ́ ẹ padà lọ́dún mẹ́ta sí i, ṣé màá rí i? Jazz Bass ti Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń ṣe é lónìí. StingRay, wọ́n ti ń ṣe é láti 1976, ti olókùn márùn-ún láti 1987, wọn ò sì tíì dáwọ́ dúró. Ibanez SR ń jáde lọ́dọọdún. Ẹ óò rí wọn rà ní tokunbo nígbàkúgbà tí owó bá wà. Squier JV, ẹ lè má rí i mọ́. Höfner àbúrò bàbá yín, èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, kò sí lọ́jà kankan láyé. Mo mọ̀ pé ti Amẹ́ríkà yẹn wà lọ́kàn yín torí owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ yín ní báàsì.

Sístà_Houston

Jẹ́jẹ́, mi ò fara mọ́ ìyẹn tán o. Bí ọrùn ti Amẹ́ríkà bá dúró dáadáa ju ti Mexico lọ, ti Mexico ni kó lọ. Wọn ò fi owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ ra ti Mexico.

Àgbà_Mọ́kọ́lá

Sístà, ta ló máa gbé ti Amẹ́ríkà lọ òde? Ní àríyá tí wọ́n ti ń náwó, tí ọtí ń dà sórí wáyà, tí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó á gun orí ìtàgé wá fi owó lẹ̀ ọ́ níwájú orí, tí á sì fi ìgbáròkó gbá ọrùn báàsì. Ẹni tó bá gbé báàsì tó ń ṣọ́ bí ẹyin lọ òde kò ní lè lu nǹkan gidi. Mo rí i lára ara mi àti lára àwọn ọmọ tí mo kọ́. Ti Mexico ló mọ òde. Kó dúró.

Atúngìtáṣe_Sùúrùlérè

Kò sì jìnnà síra wọn tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ensenada ni Fender ti ń ṣe ti Mexico, Corona ní Califóníà ni wọ́n ti ń ṣe ti Amẹ́ríkà, ibodè ló kàn wà láàárín wọn. Iṣẹ́ etí fret àti ìpele ohun èlò inú rẹ̀ ni owó ń lọ sí jù. Tí mo bá fi ọ̀sán kan fẹ̀lẹ̀ etí fret ti Mexico, tí mo tún nut rẹ̀ (ohun tí okùn gbé lé lókè ọrùn) ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní mọ̀ mọ́.

Kí n tó gbàgbé: ẹnikẹ́ni tó bá gbà yín níyànjú pé kí ẹ kó àwọn tí ẹ fẹ́ tà wá sílé, kí ẹ rò ó dáadáa. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, iye tí ẹ máa dá lé e ní pọ́ọ̀nù, tí ẹ bá sọ ọ́ di náírà, apá àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí kò ká a. Ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni kí ẹ ti tà á. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan tọrẹ, ìyẹn yàtọ̀, a máa gbà á tayọ̀tayọ̀.

Báàsì_Thamesmead

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti ṣe ohun tí Sístà ní kí n ṣe. Ìyàwó mi fi nọ́ńbà sí i, ó jókòó tì mí, inú rẹ̀ sì ń dùn jù.

Höfner, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ń rọ́ gùdù, ohùn rẹ̀ kì í pẹ́. Èyí tí kò ní fret náà, kò fara sin. Squier pẹ̀lú okùn àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n yẹn fi sílẹ̀ lára rẹ̀ (flatwound ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó), òun ló jókòó sábẹ́ ìlù jù nínú gbogbo wọn. Ìyàwó mi tí kì í ta nǹkan kan ló nawọ́ sí i pé, "Èyí ni kí o máa lù." Jazz méjèèjì, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo tún un gbọ́, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tó dún pẹ̀lú ìlù àti kíbọ́ọ̀dù, ó parí síbẹ̀.

StingRay hàn ju Ibanez lọ, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n mo wọ̀n wọ́n, Ibanez fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kìló kan fúyẹ́ jù ú lọ.

Tí wọ́n bá ní kí n sọ ọ́ lónìí: Squier dúró, ti Mexico dúró, Ibanez dúró. Höfner ni mi ò mọ ohun tí màá ṣe sí. Mo ń rò ó bóyá kí n fi ránṣẹ́ sílé sí ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó ń kọ́ gìtá ní Ìbàdàn.

Àgbà_Mọ́kọ́lá

Höfner yẹn, ogún ni. Àwọn ọmọ olóògbé ní kí o máa mú un lọ, wọn ò ní kí o tà á, wọn ò sì ní kí o fún ẹlòmíràn. Pè wọ́n lórí fóònù kí o tó ṣe ohunkóhun. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé kó padà wá sílé, ó dára. Tí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ lórí fóònù, o ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Fi í kọ́ ara ògiri, ìyàwó rẹ ti fún ọ láyè ọ̀kan.

Atúngìtáṣe_Sùúrùlérè

Tó bá máa wá sí Ìbàdàn, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bí ọyẹ́ bá dé, pákó á gbẹ, á sún kì, ojú ìlẹ̀pọ̀ á ṣí, nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á là gààràgà. Mo máa ń rí wọn lẹ́yìn Ọdún Kérésì. Ìwọ̀n ọ̀rinrin láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí wọ́n fi í sínú àpótí rẹ̀, kí wọ́n fi kànìnkànìn tó rin díẹ̀ sínú ike tí wọ́n dá ihò sí lára, kí wọ́n gbé ike náà sínú àpótí, kí omi má kàn án lára rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó náà, ẹ má rò pé ẹ bọ́. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé yín gbóná nígbà òtútù ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí ọyẹ́ ń ṣe. Ògiri tí ẹ máa gbé e kọ́, kó má jẹ́ òkè ẹ̀rọ yẹn, kó má sì jẹ́ ibi tí oòrùn fèrèsé ti ń bà á. Ẹ má kó ìyókù sínú àjà.

Jẹ́jẹ́_Manchester

Ní ti títà, ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo wọn sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, orí àti gbogbo ọgbẹ́ ara wọn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Àwọn tí ẹ ò tà náà, ẹ ṣe tiwọn. Höfner tí Paul McCartney rà ní Hamburg ní 1961, wọ́n jí i gbé ní London ní 1972, 2024 ni ayé tó gbọ́ pé wọ́n ti rí i. Tiwa kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé máa fi bá wa wá a.

Bí ẹni tó fẹ́ rà bá wà lókè òkun, ẹ wo igi tó wà lójú ọrùn. Láti oṣù Kìíní 2017 ni òfin CITES (àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti igi tó ń parun) ti bo gbogbo ẹ̀yà rosewood tí wọ́n ń pè ní Dalbergia, kó tó di pé wọ́n yọ ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe parí kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2019. Ti Brazil ni kò bọ́, láti 1992 ló ti wà lábẹ́ òfin tó le jù, láìsí ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ kọjá ibodè. Èyí kan àwọn báàsì àtijọ́ ju tuntun lọ, nítorí náà kí Höfner tó gbéra lọ síbikíbi, kí ẹni tó mọ igi wò ó.

Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú StingRay àti Ibanez bí ẹ ò bá lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, bátìrì tó bá tú omi á jẹ wáyà. Ẹ má sì fi wáyà sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀ lálẹ́. Bí wáyà bá ti wọlé ni bátìrì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ń sùn, òun ò sùn.

Sístà_Houston

Èyí tí kò ní fret ńkọ́? Jaco Pastorius, ọmọ Amẹ́ríkà tó ta báàsì nínú orin jazz, sọ Jazz Bass 1962 tí kò ní fret di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wá ọ lọ òde jùjú torí ìyẹn. Kò lórúkọ, kò ní mówó wá. Ẹ wá ọ̀dọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tí etí rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e fún un. Báàsì tí kò ní fret ń kọ́ etí, ibi tí ìka bá ti ṣi ni ohùn á ti ṣi.

Báàsì_Thamesmead

Mo ti pe ilé. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi ní kó wà lọ́dọ̀ mi, kí n kàn máa fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí mo bá ń lù ú. Ara ògiri ló ń lọ. Mẹ́rin ló dúró: Squier, ti Mexico, Ibanez, Höfner. Èyí tí kò ní fret ti ní olówó, ọmọ kan tó ń lu kọ́ńgà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Yamaha àti ti Amẹ́ríkà máa jáde lórí Reverb, ọjà ohun èlò orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́sẹ̀ yìí. Kò rọrùn láti ya fọ́tò ti Amẹ́ríkà yẹn, mi ò ní pa irọ́ fún yín.

StingRay ló kù.

Okùn5_Peckham

Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé StingRay sórí íntánẹ́ẹ̀tì! Èmi ni. Ṣé mo lè san án díẹ̀díẹ̀?

Sístà_Houston

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún un o: iye rẹ̀, ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan máa wọlé, àti pé bí ọmọ yìí bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin ni kó kọ́kọ́ bi. Ọ̀rẹ́ ni yín, ìdí tó fi yẹ kó wà lórí ìwé nìyẹn.

Báàsì_Thamesmead

Mo gbọ́, Sístà. Okùn5, ìdajì owó lákọ̀ọ́kọ́, ìyókù lóṣù mẹ́ta. Wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, àpótí rẹ̀ bá a lọ, bẹ́líìtì rẹ̀ kò bá a lọ.

Okùn5_Peckham

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n! Sátidé aago méjìlá, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Mọ́kọ́lá, ẹ ò ní rí C# yẹn yọ létí yín mọ́.